Ikọ́ Ife Dá Mi Dúbúlẹ̀, Mo sì Gbọ́ Ìrèmọ̀jé Ara Mi

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí. Ẹnikẹ́ni kò rò ó fún mi. Ara mi ni àìsàn náà wà, ẹnu mi ni ẹ̀jẹ̀ ti jáde, etí mi ni mo fi gbọ́ ohun tí Baba wí. Bí ẹ bá pàdé ẹni tó ń sọ ọ́ lọ́nà mìíràn ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀, ẹni náà kò sí níbẹ̀.

Èmi ni Ọdẹ́gbèmí, àgbẹ̀ àti ọdẹ, ọmọ Oko-Akarè. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Mo dé kíláàsì kẹta, bàbá mi ní kí n wá dáko. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, kò sì pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ṣì ń pe a, b, d títí di òní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ni ayé mọ̀ mí mọ́. Ìrèmọ̀jé ni. Bí ọdẹ bá kú láàárín wa, àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ a pé jọ, ẹni tó lóhùn nínú wa a sì sun ìrèmọ̀jé fún un: a ó ka ohun tó ṣe láyé, ẹran tó pa, ẹni tó gbà là, bó ṣe lọ. Láti Kpulu títí dé Tatọnnọnkọn, kò sí ẹni tó ń sun ún bí èmi. Mo lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn ń wọ̀, kí àkùkọ kọ, kí ohùn mi má há. Mi ò fọ́nnu. Ẹ bi àwọn opó léèrè.

Baba Àjàní, olórí ọdẹ wa, ló kọ́ mi. Èèyàn kúkúrú ni, eyín rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kún ju àká lọ. Inú igbó ló ti kọ́ mi, nítorí a kì í sun ìrèmọ̀jé nílé tí ọdẹ kò bá kú. Èémí la fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí o bá lè sọ kí o tó tún mí, èémí kan nìyẹn. Ìrèmọ̀jé ọdẹ tí kò lókìkí lè tó ogún èémí. Ti Ọdẹ́wálé tó tẹ abúlé wa dó, mi ò tíì rí ẹni tó kà á tán.

Baba yìí ló là mí lójú sí ohun kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu tíṣà rí. Ó ní Ọdẹ́wálé ní àbúrò kan. Àbúrò yìí ló rí odò tí à ń mu, òun ló kọ́kọ́ ṣá igi lulẹ̀, òun ló lówó lọ́wọ́ jù. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò ló kú sí, àwọn àjèjì ló sin ín, ẹnì kan kò sì sun ún. Ọdẹ́wálé ní tirẹ̀ kú sílé, láàárín àwọn ọdẹ. Lónìí, ọmọ tí kò tíì lè wọ ṣòkòtò mọ orúkọ Ọdẹ́wálé. Àbúrò ńkọ́? "Àbúrò rẹ̀" là ń pè é. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù.

Baba ní, "Ṣé o rí i? Ìgbé ayé nìkan kọ́ ló ń sọni di ẹni ńlá. Ikú ló ń ránṣẹ́ pe akọrin. Bí akọrin kò bá gbọ́, ó tán."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti mọ irú òkú tí mo fẹ́ jẹ́ kí irun mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Àmọ́ òfin kan wà tí a bá lọ́wọ́ àwọn àgbà: ọdẹ tí ikọ́ ife bá pa, a kì í sun ún. Ẹ̀bá igbó là ń sin ín sí, kíákíá, a ó sì padà sílé láìlanu. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, kì í ṣe ikọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a ń dáná sungbó. Mo ní èéfín ni. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ikọ́ kò lọ. Bó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ara mi á gbóná. Bí mo bá jí láàárọ̀, ẹní mi á tutù bí ẹni pé wọ́n da omi sí i. Ṣòkòtò tí mo ń wọ̀ lọ sóko bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, mo fi okùn dì í. Ìbọn ṣakabùlà tí mo ti ń gbé kọ́ èjìká láti ìgbà èwe wá wúwo bí ọmọ odó. Lọ́jọ́ kan tí à ń sun ọdẹ kan ní Kpulu, mo gba èémí, mo fẹ́ gbé e dé ìparí bí mo ṣe máa ń ṣe, ó já láàárín. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ló gbà mí lóhùn, wọ́n sì yìn mí fún un. Mo gba ìyìn náà.

Lọ́jọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀, oko ni mo wà. Mo tutọ́ sórí ewé ẹ̀gẹ́, ó pupa. Mo fi ẹsẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó bí ológbò. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ṣé obìnrin ṣeé fi nǹkan pamọ́ fún? Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, wá bá mi lábẹ́ igi ìyeyè tó wà níwájú ilé wa.

"Bàbá Bọ́lá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn."

"Nítorí ikọ́?"

"Nítorí ẹ̀jẹ̀. Èmi ni mò ń fọ aṣọ yín. Àbí ẹ rò pé mo rò pé osùn lẹ fi ń para?"

Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀ lóòótọ́, ó lọ pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àwọn aláṣọ funfun. Wọ́n tan àbẹ́là yí mi ká, wọ́n gbàdúrà gidi, mo sì wúkọ́ sójú wọn títí àbẹ́là méjì fi kú. Ẹ̀gbọ́n mi Láwàní, tí òun jẹ́ mùsùlùmí, gbé hàǹtú wá lọ́dọ̀ àfáà, omi tí wọ́n fi fọ wàláà. Mo mu ún. Ẹnì kan ní egbò igi tí wọ́n rẹ sínú sódàbì, ọtí líle wa, ló ń gé irú ikọ́ bẹ́ẹ̀; mo mu ìyẹn náà, inú mi jó bí ìgbẹ́ ọyẹ́. Ewúrẹ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbọn mi tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́ dáadáa: gbogbo owó tí mo ná sórí àìsàn yìí, kí n tó dé ilé ìwòsàn ni mo ti ná an tán.

Láwàní kì í ṣe òmùgọ̀, ẹ má rí i bẹ́ẹ̀. Ọdẹ bíi tèmi ni, ó sì fẹ́ràn mi. Ó jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó ní:

"Ọdẹ́gbèmí, mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọn ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́, ó parí, ẹgbẹ́ kò ní sun ọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí nínú ìwé, ta ni yóò mọ̀? A ó ní ibà ni."

Mo dì mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo dúpẹ́. Bí orí mi ṣe dà rú tó nìyẹn: bí mo ṣe máa kú dáadáa ni mò ń wá, kì í ṣe bí mo ṣe máa yè.

Nígbà tí mo ṣubú sáàárín ebè tí mi ò lè dìde, Ìyá Bọ́lá kò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ó pe alálùpùpù, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́mìjàn tó ń gbé èrò, ó gbé mi sáàárín, òun jókòó lẹ́yìn, ó sì fi ìró dì mí mọ́ ara rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Èmi Ọdẹ́gbèmí. Gbogbo ojú ọ̀nà ló rí wa.

Ní ilé ìwòsàn, bẹ́ǹṣì gígùn ni wọ́n ń jókòó sí. Ẹni tó bá wọlé, àwọn tó kù á fi ìdí sún síwájú. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ti kún un láti òwúrọ̀. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ǹṣì ṣófo. Báyìí ni mo ṣe di ẹni àkọ́kọ́ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Mi ò sì gbéraga nípa rẹ̀, torí mo rí obìnrin kan tó fi gèlè bo ọmọ rẹ̀ nímú, ó ń wò mí.

Nọ́ọ̀sì tó gbà mí, Tántì là ń pè é, ọmọ àwọn Gùn ni, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dé ibi tó ń lọ. Ó fún mi ní ike kékeré, ó ní kí n lọ síta gbangba, kí n hú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí i, kó jẹ́ ti inú àyà, kì í ṣe itọ́ ẹnu. Nígbà tí èsì jáde, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ikọ́ ife ni. Oògùn rẹ̀ wà. A kì í gba owó rẹ̀. Oṣù mẹ́fà, ẹ kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan. Ẹ ó yè."

Mo ní, "Ṣé o ti kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Mo ti kọ ọ́."

"Ṣé o lè pa á rẹ́?"

Ó wò mí. "Èwo lẹ fẹ́ kí n pa, Bàbá? Orúkọ rẹ̀ ni, àbí àìsàn náà?"

Mo na ọwọ́ gba oògùn láìbá a jiyàn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí mi.

A padà sílé pẹ̀lú oògùn. Ìròyìn ti ṣáájú wa. Àwọn ọdẹ tó máa ń wá kí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láti ojú ọ̀nà, wọ́n á juwọ́, wọ́n á kọjá. Nígbà tí Ìyá Bọ́lá gbé oògùn náà fún mi, mo kọjú sí ògiri. Mo ní kí ló fẹ́ kí n fi ìyè ṣe, tí ikú mi ti bàjẹ́.

Baba Àjàní ló wá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀. Ìyá Bọ́lá ti tẹ́ ẹní fún mi lábẹ́ igi ìyeyè, torí Tántì ní kí n máa wà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí n má bàa kó o ran ará ilé. Ó tún fi àga Baba sí ibi tí atẹ́gùn yóò ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Baba jókòó, ó fín áṣáà.

"Mo gbọ́ pé o kọ oògùn."

"Baba, kí ni mo fẹ́ fi oògùn ṣe? Ẹgbẹ́ ní wọn ò ní sun mí."

"Ẹnu ta ni ìrèmọ̀jé wà? Ẹnu ẹgbẹ́ ni?"

"Ẹnu yín ni."

"Èmi yóò sun ọ́. Ohun yòówù kó pa ọ́, kò kàn mí. Mo ti ṣe é pamọ́ pàápàá. Ìdí iṣu ni mo wà tí mo fi ṣe é tán."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn débi pé mo dìde jókòó. Ìrèmọ̀jé mi, láti ẹnu Baba Àjàní! Mo ní, "Baba, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

"Èèwọ̀. A kì í sun alààyè." Ó wo òkè díẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí mo bá wí i bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tí mi ò fi ohùn gbé e, ìrèmọ̀jé kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ lásán ni."

Ó sì wí i, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́:

"Ọdẹ́gbèmí, ọmọ àgbẹ̀ Oko-Akarè.
Ó sun òkú ọdẹ, ilẹ̀ mọ́ bá a lẹ́nu rẹ̀.
Ó pa ẹtu. Ó pa ìgalà kan.
Ó sọ ìgalà kan di mẹ́ta nínú ìtàn.
Ó fẹ́ràn kí á pe orúkọ rẹ̀. Mo ti pè é."

Mo dúró. Ó ń nu imú.

"Ó kù, Baba?"

"Ó tán."

"Èémí márùn-ún?"

"Mo kà á. Márùn-ún ni."

"Baba, ìgalà méjì ni mo pa."

"Èkejì, ìbọn Láwàní ló pa á. Ìwọ lo rù ú wálé."

Mo gbọ́ ẹ̀rín Ìyá Bọ́lá láti ìdí ààrò. Mo ní, "Ẹ fi kún un, Baba. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé mo jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kí ni kí n fi kún un? Mi ò purọ́ lórí òkú rí. Ọdẹ́wálé kó odindi abúlé la ilẹ̀ ẹrẹ̀ dúdú já, ló fi gùn. Ìwọ, ohùn lo ní. Bí o bá fẹ́ kí tìrẹ gùn, oògùn rèé. Gbé e mì, dìde, kí o lọ ṣe nǹkan tí mo lè sọ. Èmi kò yára."

Inú bí mi. Mo ń sọ òtítọ́ fún yín, inú ló bí mi, kì í ṣe ìgbàgbọ́, kì í ṣe ọgbọ́n. Èémí márùn-ún, fún odindi èmi. Mo ní kí Ìyá Bọ́lá bu omi wá. Ojú Baba ni mo ti gbé oògùn àkọ́kọ́ mì.

Oògùn náà le. Ìtọ̀ mi pọ́n bí epo, mo kígbe pe Láwàní pé wọ́n ti pa mí; Tántì ní àwọ̀ oògùn ni, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín. Oríkèé ara ń ro mí, oúnjẹ ń rí mi lára. Nígbà tó yá, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí bí ọmọ tó ń dàgbà, àsáró abọ́ kan kò tó mi mọ́. Ikọ́ rọlẹ̀. Mo sanra. Mo ní kí n dáwọ́ oògùn dúró. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kú, ẹ gbọ́: ara á yá, wọ́n á pa oògùn tì, àìsàn á padà pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tí kò jẹ́ kí n dáwọ́ dúró ni Baba. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń yà lọ́dọ̀ mi, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi mí: "Kí lo ṣe?"

Bí mo bá ní mo lo oògùn mi pé, á ní ìyẹn ò tó fi sórin, ọmọdé náà ń lo oògùn.

Nígbà náà ni mo gbọ́ pé àgbẹ̀ kan ní Tatọnnọnkọn ń wúkọ́, wọ́n sì tì í mọ́ ilé. Mo lọ bá a. Mo fi ara mi hàn án, mo gbé àyà síta, mo ní, "Wò mí. Ohun tó ń ṣe ọ́ ló ṣe mí." Mo mú un lọ bá Tántì. Baba gbọ́, ó fín áṣáà, ó ní, "Èémí kan nìyẹn." Mo fa Láwàní lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, òun àti gbogbo ará ilé wa; kò sí nǹkan lára wọn, àfi ọmọ kan tí wọ́n fún lóògùn, ó sì yè. Èémí kejì. Ẹ̀kẹta, mo dìde láàárín ẹgbẹ́ ọdẹ, mo sọ orúkọ àìsàn mi lójú gbogbo wọn. Mo bẹ Baba kó wí èémí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi. Ó kọ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣe é fún ọ. Mo ti kà wọ́n mọ́ ọn. Ó ti di mẹ́jọ. Ìyókù, kú kí o tó gbọ́ ọ."

Ìgbà tí oògùn mi ku díẹ̀ kó parí, Baba jẹ ẹ̀kọ tán lọ́sàn-án kan, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn díẹ̀. Kò jí. Ọjọ́ ogbó ni, ikọ́ kọ́. Mo ní kí ẹ mọ̀, torí mo bi Tántì léèrè kí ọkàn mi tó balẹ̀. Ó ní àìsàn tèmi kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹgbẹ́ pé jọ. Àwọn kan ń kùn pé ẹni tí ikọ́ ife mú kò gbọdọ̀ lanu lórí òkú olórí ọdẹ. Láwàní ló dìde, Láwàní tó ní kí á pè é ní ibà. Ó ní, "Ó dáa. Ta ló mọ ìrèmọ̀jé Baba nínú yín? Kó bọ́ síta." Wọ́n yà fún mi.

Mo sun Baba. Mo gbé e bí mo ṣe máa ń gbé e, ó sì dára, ẹ ò ní bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́, àyà mi dì. Mo gba èémí, kò wọlé. Mo rí i pé bí mo bá fi agbára sun ún, ìrèmọ̀jé Baba kò ní dé ìdajì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí i. Mi ò fi ohùn gbé e. Mo wí i jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́, bí òun ṣe wí tèmi lábẹ́ igi ìyeyè.

Ọdẹ kan ní, "Ìrèmọ̀jé wo nìyí?"

Ìyàwó Baba, arúgbó tó ti sin ọ̀pọ̀ ọdẹ, dá a lóhùn láti orí ẹní. "Ẹ jẹ́ kó máa wí i. Òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọdẹ ń sọ. Ní ti ìyókù, ariwo lẹ máa ń pa."

Mo wí i títí ó fi tán. Wọn ò fagi lé òfin ikọ́ ife láti ọjọ́ náà, ẹnì kankan kò sì dárúkọ òfin náà mọ́.

Mo ti lo oògùn mi parí. Tántì yẹ̀ mí wò, ó ní ó ti lọ. Mo padà sóko, mo ń kọ ebè bíi ti tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà ọyẹ́ tí àyà mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ìwọ tí o ń wúkọ́, tí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, tí ò ń fi ẹsẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó: lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Gbé oògùn mì dé ìparí. Èmi tí mò ń sọ fún ọ, mi ò kéré, mo sì ṣe é.

Ohun tó lọ nìyí. Ewúrẹ́ mẹ́rin. Ìbọn kan. Òkè ohùn mi, kò padà. Ogún ìrèmọ̀jé ni Baba mọ̀. Mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ mi, mẹ́sàn-án tó fẹ́ kọ́ mi lọ́dún tí àyà mi kò gbà á ti bá a lọ. Èémí mẹ́ta tó jẹ́ tèmi, tí mi ò gbọ́. Baba Àjàní, ẹyọ kan.